Kí Owó Ìdálẹ̀ Má Sọ Wá Di Ọ̀dàlẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa kí a lè máa rìn lórí rẹ̀ wá arísìkí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù ní Ijapo Estate, Àkúrẹ́, tí àwọn èèyàn ti ń tú ká, ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín wa dúró sẹ́yìn. Ó ń ká ẹní, ó tún ń tú u, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìlú ọba, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Oṣooṣù ni ẹ̀gbọ́n yìí ń fi owó ránṣẹ́: apá kan fún oúnjẹ àti oògùn ìyá wọn, apá kan fún owó iléèwé àbúrò wọn obìnrin, èyí tó kù fún ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́. Inú àkáǹtì ọ̀dọ́kùnrin yìí ni gbogbo owó náà ń wọ̀. Ó mú nínú owó ilé, ó fi ra ọjà, ó ní bí òun bá ti tà á, òun á dá owó padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọjà kò tà. Ẹ̀gbọ́n ti wá sọ pé òun ń bọ̀ wálé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òun ti lọ. Lọ́kàn tirẹ̀, wọ́n ti kan páànù sórí ilé. Bẹ́ẹ̀ ilé kò tíì kọjá líńtẹ̀lì.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wá bi wá pé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé olè ni mí?"

Kò yá wa lẹ́nu láti dáhùn. A mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló yẹ kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí kò ní ọmọ ìyá, ọkọ, àbúrò bàbá tàbí ọ̀rẹ́ tó ń ti ìdálẹ̀ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Ìdí nìyí tí wáàsí oṣù yìí fi dá lé owó ìdálẹ̀: ẹni tó ń fi í ránṣẹ́, ẹni tó ń gbà á, àti ohun tí Ọlọ́hun yóò bi olúkúlùkù nípa rẹ̀.

ÌDÁLẸ̀ KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Ìsìláàmù kò ní kí Mùsùlùmí jókòó sójú kan kí arísìkí wá bá a níbẹ̀. Nínú Súrà Al-Jumu'ah, àáyá 10, Ọlọ́hun kọ́ wa pé bí a bá ti kírun tán, kí a jáde lọ wá nínú oore Òun. Ànábì Músá pàápàá ṣe alágbàṣe ní ìlú onílùú. Ní Mádíyánà, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n bá a dá, bó bá sì wù ú, kó ṣe é pé mẹ́wàá. Ohun méjì ni ọmọbìnrin ilé náà rí lára rẹ̀ tó fi ní kí bàbá òun gbà á síṣẹ́: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ jẹ́ kí a fi èkejì yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Àwọn bàbá wa náà lọ sí ìdálẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà ṣòwò káàkiri ilẹ̀ Gánà títí dé Tamale. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ ní Àbíjàn débi pé ẹni tó bá dé Èjìgbò lónìí yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ onílùú. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé sílé, tí wọ́n fi rán ọmọ lọ sí iléèwé. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé tàbí kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ìsọ̀ àti ọjà sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ti di ilé lọ́wọ́ ará ilé tó jẹ́ olóòótọ́ rí ibi forí pamọ́ sí. Ẹni tí ará ilé ti jẹ owó rẹ̀ dé, kò bá nǹkan kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Kò sí ẹni tí ìdálẹ̀ kò lè yí lé lórí. Ìgbà náà ni ọmọ èèyàn máa ń mọ̀ bóyá òun ní ilé lóòótọ́.

Láyé ìjọ́un, inú àpò ẹni tó ń bọ̀ wálé ni owó ń bá dé. Ní ọdún 1996, First Bank àti Western Union bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣiṣẹ́ kí owó lè ti òkèèrè dé báńkì. Lónìí, àláàtì ni à ń gbọ́ lórí fóònù. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé owó tó wọ Nàìjíríà báyìí ní ọdún 2023 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 19 àbọ̀ dọ́là. Nínú dọ́là mẹ́ta tó dé ilẹ̀ adúláwọ̀ ní gúúsù Sàhárà lọ́nà yìí, ó lé ní ẹyọ kan tó jẹ́ tiwa. Bí a bá tú owó ńlá yìí palẹ̀, kí la ó bá nínú rẹ̀? Gààrí ni, owó iléèwé ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, sìmẹ́ǹtì ni. Ọwọ́ ẹni méjì péré ló sì ń gbà kọjá, ọwọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ọwọ́ ẹni tó gbà á. Nígbà púpọ̀, kò sí akọ̀wé láàárín wọn, kò sí àgbà tó jókòó tì wọ́n. Ọlọ́hun nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA LÁTI ILÉ ÀNÁBÌ YÀKÚBÙ

Bí a bá ń wá ẹni tó ti ìdálẹ̀ bọ́ ará ilé rẹ̀, kí a lọ ka Súrà Yúsúfù. Ìyàn mú nílé, àwọn ọmọ Yàkúbù sì lọ ra oúnjẹ ní Íjíbítì. Ẹni tó wà nídìí àká oúnjẹ ni àbúrò wọn tí wọ́n jù sínú kànga. Ó mọ̀ wọ́n. Wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ó fún wọn, kò sì fi ṣe wọ́n ní ìrègún. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti lé wọn padà ní òfo. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wọn oúnjẹ fún wọn kún, ó ní kí wọ́n dá ohun tí wọ́n fi rà á padà sínú ẹrù wọn ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àṣírí sì tú, ó ní kò sí ẹ̀bi lórí wọn lọ́jọ́ náà. Nínú Súrà Al-Baqarah, àáyá 264, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa pé ìrègún àti ìnilára máa ń ba sàárà jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ìyá bá pè yín pé oògùn tán, ẹ má fi àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí ẹ ti rán láti ọdún márùn-ún dá a lóhùn.

Ẹ̀kọ́ kejì: Àwọn tó gbé ẹrù wálé tú u lójú bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fi ra oúnjẹ wà nínú àpò, wọn kò pín in láàárín ara wọn. Wọ́n sọ fún Yàkúbù, wọ́n fi hàn án. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti parọ́ fún bàbá wọn rí, wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀tàn yí ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, wọ́n ṣe òtítọ́. Kò sí ẹni tí àná rẹ̀ burú débi pé kò lè tú àpò sílẹ̀ lónìí.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Oúnjẹ dé, ojú bàbá kò là. Oúnjẹ ti Íjíbítì dé lẹ́ẹ̀kíní, ó dé lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ojú Yàkúbù ń funfun nítorí ìbànújẹ́ ọmọ. Nígbà tí Yúsúfù fi ẹ̀wù ara rẹ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n fi bo bàbá lójú, ìgbà náà ló tó ríran. Àní òórùn ọmọ ti kan bàbá kí ẹ̀wù tó dé. Ẹ̀yin èèyàn wa, owó ń bọ́ ikùn, ṣùgbọ́n àwọn òbí kan wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ilé ìdáná wọn kún, tí wọ́n sì ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ wo géètì. Ohùn yín lórí fóònù, ojú yín nígbà ọdún, ìbéèrè yín nípa oorun tí wọ́n sùn, ìyẹn ni ẹ̀wù Yúsúfù. Ẹ fi í kún owó.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ̀ Ń GBÀ Á

A fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níhìn-ín, nítorí àwa tí à ń gbà á la pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí.

Owó tí wọ́n fi rán wa níṣẹ́ kì í ṣe tiwa. Àmáánà ni, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni. Súrà An-Nisa, àáyá 58, pa á láṣẹ kí a dá àmáánà padà fún àwọn tó ni ín. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ka ìjàǹbá nínú àmáánà mọ́ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ munáfíkì, pẹ̀lú irọ́ pípa àti àdéhùn yíyẹ̀. Yorùbá náà ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì fara jọ lẹ́nu: ìdálẹ̀ àti ọ̀dàlẹ̀. Kí owó èkíní má sọ wá di èkejì.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Mo fẹ́ fi ṣòwò kí ó lè pọ̀ ni." Ẹ rántí ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí òkúta dí mọ́nú ihò, tó wà nínú hádíìsì Bukhari. Ọ̀kan nínú wọn gba alágbàṣe síṣẹ́. Alágbàṣe náà lọ láìgba owó rẹ̀. Ọkùnrin yìí fi owó náà ṣòwò títí ó fi di ràkúnmí, màlúù àti àgùntàn. Nígbà tí alágbàṣe padà wá bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó máa kó gbogbo ẹran náà lọ. Alágbàṣe rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló kó lọ. Ohun tí ọkùnrin yìí fi bẹ Ọlọ́hun nìyẹn tí òkúta fi sún. Ẹ wò ó dáadáa: ó fi owó ẹlòmíràn ṣòwò fún ire olówó, gbogbo èrè ló sì kó fún un. Èyí kò jọ ẹni tó mú owó ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí èrè lè jẹ́ tirẹ̀, kí òfò sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí a rán níṣẹ́ owó, ohun tí olówó wí ni yóò ṣe. Bó bá fẹ́ ṣe òmíràn, kó kọ́kọ́ gba àyè.

Kí a sì yé rò pé owó ń so lórí igi níbẹ̀. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi náírà 460 lọ ní báńkì. Nínú ọdún 2024, ó kọjá náírà 1,500. Ìyẹn ló jẹ́ kí iye tó ń wọ àkáǹtì wa pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń san owó ilé lọ́hùn-ún, pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀. Fífi owó ránṣẹ́ gan-an ń gba owó. Ní ìparí ọdún 2023, ẹni tó bá fi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí apá ilẹ̀ wa yóò san tó nǹkan bíi dọ́là 16 lé e. Ẹni tó ń ji ní òru láti pààrọ̀ aṣọ lára arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, kí ìyá tirẹ̀ nílé lè rí oògùn lò, kò yẹ kí a máa pè é ní kànga tí kì í gbẹ. Ànábì wa (S.A.W.) kọ́ wa pé ọwọ́ òkè dára ju ọwọ́ ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tó lera, tó lè ṣiṣẹ́, kó má ṣe fi gbígba àláàtì ṣe iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ̀ Ń FI RÁNṢẸ́

Làádá yín pọ̀. Ànábì wa (S.A.W.) sọ pé sàárà fún aláìní jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n fún ìbátan ó di méjì: sàárà ni, ó sì tún jẹ́ síso okùn ẹbí pọ̀. Súrà Al-Baqarah, àáyá 215, sì to ẹsẹ̀ ìnáwó fún wa, òbí ló ṣáájú, ìbátan tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ti ibi mímọ́ wá. Owó jìbìtì kò di mímọ́ nítorí pé a fi ra oògùn ìyá tàbí a fi kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ẹ má sì ṣe ju agbára yín lọ. Súrà Al-Isra, àáyá 29, kò fẹ́ kí a há ọwọ́ mọ́ra, kò sì fẹ́ kí a tẹ́ ẹ tán kí a wá jókòó nínú àbámọ̀. Ẹni tó ń yá owó èlé kó lè fi ránṣẹ́ fún ìnáwó òkú ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti kó ara rẹ̀ sínú ohun tí Ọlọ́hun kò fẹ́.

Ẹ̀yin ọkọ, owó ìtọ́jú ìyàwó àti ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Nígbà tí Hindu, ìyàwó Abu Sufyan, fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun háwọ́, Ànábì (S.A.W.) gbà á láyè kó mú ohun tó tó òun àti ọmọ rẹ̀ níwọ̀n tó yẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ìlú ọba fi òfin dè é kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó má ṣe mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání. Ilé púpọ̀ ti pín sí méjì báyìí. Ìròyìn tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni pé Umar bi Hafsa ọmọ rẹ̀ pé báwo ni obìnrin ṣe lè pẹ́ tó láìrí ọkọ; ìdáhùn rẹ̀ ló mú kí Umar fi gbèdéke oṣù díẹ̀ sí ìrìn àjò àwọn jagunjagun. Kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ìgbà wo ni a ó tún rí ara wa? Ẹ má fi àláàtì dípò ara yín.

ÀKÚRẸ́ NÁÀ ÌDÁLẸ̀ NI

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlú ọba nìkan ni ìdálẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ṣọ́ géètì ní Ijapo àti ní àwọn àdúgbò mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ti Òkè Ọya wá, òmíràn ti Nìjẹ̀ wá, òmíràn ti Bẹ̀nẹ̀ wá. Ẹ wo oko kòkó yíká Oǹdó, níbi tí àwọn Ebira àti àwọn ará Benue ti ń ṣe àgbàṣe láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ lẹ́yìn odi ni wọ́n jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyá wà nílé tó ń dúró de owó tiwọn náà. Bí a bá wá fi owó oṣù wọn falẹ̀ di oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ẹni tó jókòó sẹ́nu géètì nìkan la fi ebi pa. Ànábì wa (S.A.W.) ní kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Hádíìsì sì wà pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ tí kò san owó rẹ̀ rojọ́ ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ta ni yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? A kò lè máa gbàdúà kí òyìnbó má jẹ owó ẹ̀gbọ́n wa, kí àwa sì máa jẹ ti ọmọ ẹlòmíràn.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ìkíní, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àáyá tó gùn jù nínú Àlùkùránì, Al-Baqarah 282, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni. Kí ìwé kan wà tí a ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí, kódà láàárín ọmọ ìyá.

Ìkejì, ẹ ya owó oúnjẹ àti owó ilé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni méjì mọ̀ nípa owó ilé, kí wọ́n sì máa ya àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an.

Ìkẹta, owó tó bá tó ìwọ̀n sàká tó sì pé ọdún ní báńkì, kí olówó yọ ìdá kan nínú 40. Pé ó ń dúró de sìmẹ́ǹtì kò yọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkẹrin, bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ kó tó di pé olówó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun tí a sọ fún ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́ náà nìyẹn. A kò pè é lólè, a kò sì sọ fún un pé kò ṣẹ̀. A ní ohun tó bá ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ni yóò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, níwájú ẹni méjì nínú wa, ó pè é. Ó sọ iye tó mú, ó sọ ohun tó fi rà, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa fóònù. Ọjọ́ kẹta ló tó pè padà. Ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni bóyá ìyá wọn ti gba oògùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ dá iye tí àbúrò yóò máa dá padà lóṣooṣù, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ilé náà ṣì wà ní líńtẹ̀lì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àbúrò sì ti ríṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọlọ́hun Ọba, ṣọ́ gbogbo àwọn èèyàn wa tó wà ní ìdálẹ̀, ní òkun àti ní ilẹ̀. Fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ wọn, jẹ́ kó mọ́, kó sì tó wọn. Jẹ́ kí àwa tí a wà nílé jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Má jẹ́ kí owó ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀. Bí O ṣe pa Yàkúbù àti Yúsúfù pọ̀, pa àwa àti àwọn tiwa pọ̀ ní àlàáfíà láyé, kí O sì pa wá pọ̀ ní Àlùjánnà. Àmín.

Wasàlámù àlékúmù.